Ìgbà Òtútù Kì í Ṣe Àsìkò Ìsinmi fún Ọlọ́gbà

  

Ọ̀rọ̀ ọgbà ni mo gbé wá lálẹ́ yìí: ọgbà ẹ̀fọ́ àti òdòdó tí àwa tí a ń gbé London ń fọwọ́ ara wa dá, kì í ṣe fún títà, bí kò ṣe fún jíjẹ àti nítorí pé a fẹ́ràn rẹ̀. Àsìkò tí a wà nínú rẹ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nígbà tí ewé ń wọ́, tí wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, tí ilẹ̀ sì ń ṣú kí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé délé.

Bí àwọn ènìyàn wa bá pàdé mi lójú ọ̀nà ní irú àsìkò yìí, tí wọ́n rí bàtà òjò lẹ́sẹ̀ mi àti ṣọ́bìrì léjìká mi, wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún ń wá lọ sóko? Ṣé òtútù ò tíì pa gbogbo ẹ̀ tán ni?” Ìbéèrè wọn tọ́. Nílé tí a ti wá, òjò ló ń darí àgbẹ̀: òjò rọ̀, a gbìn; òjò dá, a kórè. A kò bá òtútù ṣe iṣẹ́ oko rí. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, òtútù fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ ni. Ó ní ohun tó ń ṣe fún ilẹ̀ àti fún irúgbìn tí oòrùn kò lè bá wa ṣe láéláé. Ọlọ́gbà tó bá tilẹ̀kùn mọ́rí ní oṣù Kọkànlá, oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ ló ń pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé allotment, irú ọgbà tí mò ń sọ yìí, díẹ̀ fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á pín in sí abala-abala, olúkúlùkù á máa san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, á sì máa gbin ohun tí ilé rẹ̀ máa jẹ síbẹ̀. Abala kan tó pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n láti ayébáyé, bí ó bá gùn ní mítà 25, ìbú rẹ̀ á tó mítà 10. Ṣùgbọ́n ìdajì abala ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn báyìí, nítorí àwọn tó ń dúró de ilẹ̀ pọ̀. Òfin ọdún 1908 ló sọ ọ́ di dandan fún àwọn káńsù láti wá irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ará ìlú tó bá ń fẹ́ ẹ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ń ri ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ bọ̀ wá sí ilẹ̀ yìí, ìjọba kéde pé kí gbogbo ènìyàn gbé ṣọ́bìrì. Kòtò tó yí Tower of London ká, níbi tí àwọn ọba ti ń ti ẹlẹ́wọ̀n mọ́lé látijọ́, ẹ̀fọ́ ni wọ́n gbìn sínú rẹ̀.

Nínú ọgbà tiwa ní apá gúúsù London, gbogbo ayé ló pàdé síbẹ̀. Àwọn bàbá láti Jàmáíkà wà níbẹ̀. Àwọn ará Cyprus wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú àjàrà. Àwọn ìyá láti Bangladesh náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fa igbá gun orí àtẹ́ igi tí wọ́n kàn. Igbá kan náà tí àwa ń jẹ́ kó gbó, tí à ń fi ṣe kèrègbè ẹmu àti ahá, wọ́n ń ká tiwọn ní tútù, wọ́n ń sè é lọ́bẹ̀. Èyí wú mi lórí gan-an nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Àwa Yorùbá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀tẹ̀, ewédú, àgbàdo, elégédé àti ata rodo wa.

Ìrì dídì àkọ́kọ́ ni olórí ọ̀tá àwọn ohun ọ̀gbìn tiwa yìí. Ní òru ọjọ́ kan, ojú ọ̀run á mọ́ roro, afẹ́fẹ́ kò ní fẹ́, ooru tó wà nínú ilẹ̀ á gòkè lọ pátá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tẹ̀tẹ̀ tó dúró gírígírí lánàá á ti rọ jọwọlọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Omi tó wà nínú ewé ló dì, tó sì fa ara ewé náà ya láti inú wá. Kò sí oògùn rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, kí ìrì yẹn tó dé, ọlọ́gbà tó mọṣẹ́ á ti kó hóró rẹ̀ wọlé.

Hóró kíkó ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ìgbà ìwọ́wé. Ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn bá yọ ni mo máa ń gé ṣírí tẹ̀tẹ̀ tó ti gbó, nítorí pé bí ó bá tutù, á bu. Inú àpò bébà ni mo ń gbé e sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, màá sì gbé e kọ́ sínú ilé títí tó máa fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, màá tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ìdáná, màá máa fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ṣírí náà díẹ̀díẹ̀. Ìyàngbò pupa ló máa ń kọ́kọ́ bọ́, ó sì máa ń gún ènìyàn lọ́wọ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni hóró á bẹ̀rẹ̀ sí í dà, dúdú, tó ń dán, tó kéré débi pé èémí imú lásán lè gbé e lọ. Mi ò kì í fẹnu fẹ́ ẹ. Etí aṣọ ni mo ń gbé sókè díẹ̀. Nítorí pé hóró náà rí róbótó, á yí lọ sísàlẹ̀, ìyàngbò á dúró sẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró ló máa ń wà nínú ṣírí kan ṣoṣo tó bá tóbi. Màá kó o sínú àpòòwé, màá kọ ọdún sí i lára, kì í sì í pẹ́ tí àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì á fi gbà á tán lọ́wọ́ mi.

Ewédú ni kò rọrùn. Ewédú kì í fẹ́ tanná nígbà tí ọjọ́ bá gùn. Ìdí nìyẹn tí ewé rẹ̀ fi ń pọ̀ níhìn-ín ní oṣù Keje. Ó ń dúró kí ọjọ́ kúrú kó tó yọ òdòdó, òtútù sì máa ń bá a lójijì kí èso rẹ̀ tó gbó. Ẹni tó bá ní ilé onígíláàsì nínú ọgbà ló lè rí hóró rẹ̀ kó. Àwa yòókù, rírà là ń rà á.

Ata rodo ní tirẹ̀, igi ni, kì í ṣe koríko ọdún kan. Nílé, ó lè wà lẹ́yìn ilé ìdáná fún ọdún mélòó kan, kó máa so. Nítorí náà, mi ò kì í fi í sílẹ̀ fún òtútù. Bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, màá wú u tòun ti gbòǹgbò, màá gé ẹ̀ka rẹ̀ kù, màá já ewé rẹ̀ dànù kí kòkòrò má bàa bá a wọlé, màá gbé e sínú ìkòkò lẹ́bàá fèrèsé níbi tí ilé ti móoru. Omi díẹ̀ ló máa ń mu. Ẹni tó bá wò ó ní oṣù Kìíní á rò pé ó ti kú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi èékánná ha èèpo rẹ̀, ẹ máa rí i pé inú rẹ̀ ṣì tutù, ó ṣì láwọ̀ ewé. Bí oṣù Kẹta bá dé, á rú padà, á sì so ata ṣáájú gbogbo èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lọ́dún náà.

Ìmọ́lẹ̀ tilẹ̀ ń kó ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti ọjọ́ tó kúrú jù lọ́dún kò tó wákàtí kan. Ní London, ojúmọ́ tó gùn jù ní oṣù Kẹfà lé ní wákàtí 16 àti ààbọ̀. Èyí tó kúrú jù ní oṣù Kejìlá kò pé wákàtí mẹ́jọ. Oòrùn á yọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, á sì ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Láti ìparí oṣù Kẹwàá títí dé nǹkan bí ìdajì oṣù Kejì, ìmọ́lẹ̀ kì í tó wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, irúgbìn púpọ̀ á sì dáwọ́ dídàgbà dúró, bí wọn kò tilẹ̀ kú. Kale, leek àti kábéèjì tó bá ti tóbi kó tó di ìgbà náà, a lè máa gé e jẹ títí di ìgbà ìrúwé. Èyí tí kò bá tíì tóbi, ẹ máa retí rẹ̀ di oṣù Kẹta.

Mo ní òtútù ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo aáyù. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú orí aáyù là ń gbìn ní oṣù Kẹwàá tàbí Kọkànlá, ṣóńṣó rẹ̀ lókè, ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹyọ kan fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà sí èkejì. Bí aáyù yẹn kò bá rí òtútù tó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á dàgbà, á yọ ewé, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá wú u ní oṣù Keje, ẹyọ kan rogodo ni ẹ máa bá nílẹ̀. Òtútù ló ń mú kí ó pín. Òdòdó tulip náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òkè àárín gbùngbùn Éṣíà ló ti ṣẹ̀ wá, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí kò bá rí òtútù, kò ní tanná dáadáa. Oṣù Kọkànlá ni à ń gbìn ín, nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù débi tí àrùn tó ń jó ewé rẹ̀ kò fi ní lágbára.

Ẹ tún wo parsnip, tí òun àti káróòtì jẹ́ mọ̀lẹ́bí, àwọ̀ funfun ló kàn ní. Inú ilẹ̀ là ń fi í sílẹ̀ sí títí ìrì dídì á fi kàn án. Bí òtútù bá mú un, á sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà, nítorí pé omi tó ní ṣúgà nínú kì í tètè dì. Ọgbọ́n tó fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ ló wá ń dùn lẹ́nu wa. Ẹni tó bá sun parsnip oṣù Kẹsàn-án jẹ, tó tún sun ti oṣù Kejìlá, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí ìdí tí mo fi ń lọ sóko nínú òtútù.

Ewé tó ń já bọ́ pàápàá, ọrọ̀ ni. Kí igi tó sọ ewé sílẹ̀, á ti kọ́kọ́ fa ohun tó wúlò nínú rẹ̀ padà sára. Àwọ̀ ewé á ṣá, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ á wá hàn. Mo máa ń gbá ewé wọ̀nyí jọ sínú àpò ọ̀rá dúdú, màá wọ́n omi sí i, màá lu ihò sí àpò náà lára, màá gbé e sẹ́yìn ahéré. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, á ti jẹrà di ajílẹ̀ dúdú tó fúyẹ́ lọ́wọ́. Ti igi oak àti beech ló dára jù; ti igi plane tó kún ojú títì London le, ó máa ń pẹ́. Bí ẹ bá sì kó ẹ̀ka àti koríko jọ láti sun ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá tí àwọn Òyìnbó máa ń dáná, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tú u wò. Hedgehog, ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún tó ń bá wa jẹ kòkòrò inú ọgbà, lè ti sùn síbẹ̀ dé ìgbà ìrúwé.

Ìyá mi ló kọ́ mi ní ọkọ́ lílò. Ṣùgbọ́n ti ìgbà òtútù, inú ìwé àti inú ọgbà ẹlòmíràn ni mo ti kọ́ ọ. Karel Čapek, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Czech, tẹ ìwé kékeré kan jáde ní 1929 lórí ọdún ọlọ́gbà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Josef ló ya àwòrán inú rẹ̀. Èrò rẹ̀ nípa ìgbà ìwọ́wé ni mi ò lè gbàgbé: ó ní àwọn tó rò pé igi ń sùn lásìkò yìí kò wò ó dáadáa. Ẹ lọ síbi igi ápù èyíkéyìí lọ́la, ẹ wo ojú ibi tí ewé ti já. Ẹ máa rí kókó kékeré kan níbẹ̀ tó le, tó ká ara rẹ̀ mọ́ra. Ewé àti òdòdó ìgbà ìrúwé ti wà nínú rẹ̀ báyìí.

Jamaica Kincaid náà wà, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní 1949 ní erékùṣù Antigua, níbi tí kò sí ìgbà òtútù, tó wá lọ dá ọgbà sí Vermont ní Amẹ́ríkà, níbi tí yìnyín ti ń bo gbogbo ilẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ọgbà jáde ní 1999. Ó béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́gbà kì í béèrè: ta ló mú irúgbìn yìí kúrò nílé rẹ̀, ta sì ló jèrè rẹ̀? Òdòdó dahlia tí gbogbo Òyìnbó fẹ́ràn, ilẹ̀ Mexico ló ti wá, àwọn Aztec sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí wọ́n tó fi orúkọ Anders Dahl, ará Sweden, pè é. Mo máa ń rántí obìnrin yìí nígbà tí ìrì bá ti pa ewé dahlia mi. Màá gé igi rẹ̀, màá wa iṣu rẹ̀ jáde, màá gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò, màá dojú rẹ̀ dé kí omi inú igi rẹ̀ lè ro tán, màá wá tọ́jú rẹ̀ sínú páálí níbi tí òtútù kò lè dé. Àtọ̀húnrìnwá ni dahlia, èmi náà àtọ̀húnrìnwá. A jọ ń la ìgbà òtútù kọjá ni.

Ẹnì kan tí mo bọ̀wọ̀ fún jù ni Derek Jarman, tó ń ṣe fíìmù. Ó ra ilé pákó kékeré kan ní Dungeness, létí òkun ní Kent. Òkúta wẹẹrẹ ni ilẹ̀ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ń fẹ́ láti orí òkun, ilé iṣẹ́ iná nuclear sì wà nítòsí. Ní 1986 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní kòkòrò HIV, nígbà tí kò tíì sí oògùn tó ká a. Ó dá ọgbà síbẹ̀. Kò mọ odi yí i ká. Igi tí òkun gbé wá sí èbúté àti irin tó ti dípẹtà ló fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó kú ní 1994. Ní 2020, àwọn ènìyàn dá mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ pọ́n-ùn jọ kí ilé náà àti ọgbà rẹ̀ má bàa parun. Kí ènìyàn mọ̀ pé ọjọ́ òun kò gùn, kó sì máa gbin ohun tí òun lè má rí òdòdó rẹ̀, ìgboyà ni mo pe ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ewé tútù láàárín òtútù, ẹ lọ sí Kew, ọgbà irúgbìn ńlá tó wà ní London. Palm House tó wà níbẹ̀, ilé onígíláàsì ńlá tí wọ́n kọ́ láàárín 1844 àti 1848, bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ni ooru máa pàdé yín. Ọ̀pẹ tiwa wà nínú rẹ̀, kòkó wà nínú rẹ̀. Mo rí bàbá kan níbẹ̀ tó dúró síwájú igi kòkó, tó ń fi ọwọ́ júwe fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ́ ọ ní Oǹdó, ọmọ náà kò sì gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa ló ń dùn mí jù. Àwọn bàbá àti ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ní ìlú yìí, tí ọmọ ń lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n á jókòó síwájú tẹlifíṣàn láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin. Kò dára fún wọn. Mi ò sọ pé oòrùn oṣù Kejìlá á fún wọn ní fítámì D o. Láti oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn ilẹ̀ yìí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí NHS, àjọ ìlera ìjọba, fi ní kí ènìyàn ronú nípa lílo fítámì D ní ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù, kí àwa aláwọ̀ dúdú sì ronú nípa lílò ó yí ọdún po. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán, ẹsẹ̀ tó ń rìn, ọwọ́ tó ń wa ilẹ̀, àti ẹni tó máa sọ pé “Màmá, ẹ káàsán, báwo ni aáyù yín?”, ìwọ̀nyẹn wà nínú ọgbà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù yín lọ́sẹ̀ yìí. Bí káńsù bá ní kò sí ilẹ̀, ẹni mẹ́fà tó ń san owó káńsù tàbí tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò lè kọ lẹ́tà pa pọ̀, ó sì di dandan kí káńsù gbé e yẹ̀ wò lábẹ́ òfin 1908 yẹn. Àwọn káńsù àárín gbùngbùn London nìkan ni òfin náà kò dè, síbẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ní ilẹ̀ tí wọ́n ń fúnni. Ẹ lè dúró fún ọdún mélòó kan. Kó tó kàn yín, ẹ lọ ran ẹni tó ní ilẹ̀ lọ́wọ́; àwọn àgbà tí abala wọn ti ń ju agbára wọn lọ pọ̀ nínú gbogbo ọgbà. Ẹni tí kò ní ju bálíkónì lọ, kó wá korobá kan, kó lu ihò sí i nídìí, kó bu ilẹ̀ sí i, kó gbin aáyù, kó sì gbé e síta kí òtútù lè rí i. Ẹ gbìn ín kí oṣù Kọkànlá tó parí.